Ìtàn Àròsọ Inú Ibú Òkun: Àwọn Ìbéèrè Tí Òǹkàwé Ń Béèrè Jù

Irú ìtàn wo là ń pè ní ìtàn àròsọ inú ibú òkun?

Ìtàn tó gbé àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ lọ sí abẹ́ omi, tó sì há wọn mọ́ ibẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìtàn tí òkun bá ti wọ̀ ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ìjì bá dé bá ọkọ̀ lójú omi tí ọkọ̀ sì fọ́, ìtàn ojú òkun nìyẹn. Nínú ìtàn ibú, orí ènìyàn ni omi wà. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí níye, ilẹ̀kùn kò ṣeé ṣí, kò sì sí ibi tí wọ́n lè sá gbà.

Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ìwé Jules Verne, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Vingt mille lieues sous les mers, ìyẹn 20,000 lieue lábẹ́ òkun. Inú ìwé ìròyìn kan ló ti kọ́kọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, láti oṣù kẹta 1869 títí di oṣù kẹfà 1870. Pierre-Jules Hetzel ló tẹ̀ ẹ́. Ó ti pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló la ọ̀nà tí àwọn tó kù ń tọ̀. Orí 47 ló ní: 24 ní apá kìíní, 23 ní apá kejì. Ẹni tó bá ń ka orí méjì lálaalẹ́ yóò parí rẹ̀ kí oṣù kan tó pé.

Ìtàn náà kò díjú. Ní 1866, àwọn atukọ̀ ń rí ohun ńlá kan lójú òkun tó ń tàn yòò, tó sì ń lu ọkọ̀. Wọ́n rò pé ẹranko ni. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kan, Abraham Lincoln, gbéra láti New York láti lọ pa á. Ọ̀jọ̀gbọ́n Pierre Aronnax wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Conseil, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti Ned Land, ará Kánádà tó mọ ọ̀kọ̀ sọ jọjọ. Òkun gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jù sórí ẹ̀yìn ẹranko náà. Wọ́n fi ọwọ́ kàn án: irin ni, ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń jẹ́ Nautilus.

Ṣé 20,000 tó wà nínú àkọlé ni jíjìn tí ọkọ̀ náà rì dé?

Rárá o. Ọ̀nà tí wọ́n rìn lábẹ́ omi ni. Lieue kan tí Verne lò jẹ́ kìlómítà 4, nítorí náà kìlómítà 80,000 ni gbogbo rẹ̀, bí ẹni yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí òkun jìn jù láyé kò ju nǹkan bíi kìlómítà 11 lọ.

Kí ló wà nínú ìwé yìí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè gbé e sílẹ̀?

Ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ẹran abàmì ló ń fa òǹkàwé, ṣùgbọ́n ẹran abàmì kì í gbé ìtàn kọjá orí kan. Ohun tó ń mú ọkàn ni pé ẹ mọ iye afẹ́fẹ́ tó kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Aronnax jókòó, ó ṣírò: afẹ́fẹ́ lítà 100 ni ènìyàn kan ń bàjẹ́ ní wákàtí kan, ìyẹn 2,400 ní ọjọ́ kan. Ọkọ̀ náà gba lítà 1,500,000. Pín in, afẹ́fẹ́ ọjọ́ kan fún ènìyàn 625 ló wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, òǹkàwé náà ti di ẹni tó ń kà á pẹ̀lú rẹ̀.

Ibi tí ìṣirò yìí ti so èso ni ibi tí yìnyín ti há wọn mọ́ ní gúúsù ayé. Yìnyín lókè, yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́, yìnyín nísàlẹ̀. Wọ́n wọn ti ìsàlẹ̀, ó nípọn tó mítà 10. Kí ọkọ̀ tó lè bọ́, wọ́n ní láti gbẹ́ kúúbù mítà 6,500 kúrò, afẹ́fẹ́ tó wà nílẹ̀ kò sì ju ti ọjọ́ méjì lọ. Lẹ́yìn wákàtí 12, mítà 1 péré ni wọ́n tíì gbẹ́. Wọ́n wá ṣàkíyèsí pé omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ti ń dì, ògiri yìnyín ń sún mọ́ wọn. Nemo, ọ̀gá ọkọ̀ náà, ronú díẹ̀, ó ní kí wọ́n máa tú omi gbígbóná tó ń hó sínú òkun. Ẹ ó rí bí òǹkọ̀wé ṣe ń ka ìwọ̀n òtútù fún wa: 7 sísàlẹ̀ òdo, 6, 4.

Ẹ tún wo ohun kékeré kan níbẹ̀. Ìta, nínú omi, ni afẹ́fẹ́ tó dára wà, nínú ohun èlò tí àwọn tó ń gbẹ́ yìnyín gbé kọ́ ẹ̀yìn. Nínú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ ti bàjẹ́. Nítorí náà, ẹni tí àsìkò iṣẹ́ rẹ̀ bá pé ń bọ́ ẹ̀mí kúrò lẹ́yìn ara rẹ̀, ó ń gbé e fún ẹlòmíràn, ó sì ń padà wọlé lọ máa mí gúlegúle. Nemo ló ń ṣíwájú nínú bíbọ́ ọ, láìpariwo. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Kò sí ọ̀rọ̀ ìwúrí kankan tí Verne ì bá fi sí ẹnu ọkùnrin yẹn tí ìbá tó èyí.

Ó sú mi láàárín. Ṣé èmi ni mo ní ìṣòro?

Kì í ṣe ẹ̀yin. Verne máa ń to orúkọ ẹja jọ fún odindi ojú ìwé, Conseil a sì máa pín wọn sí ìdílé-ìdílé. Ẹ fò ó. Tí ẹ bá ti rí orúkọ ẹja kẹrin nínú gbólóhùn kan, ẹ lọ sí ìpínrọ̀ tó kàn. Kò sí ohun tí ẹ ó pàdánù nínú àhunpọ̀ ìtàn náà.

Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín ni kò dára. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Lewis Mercier ṣe ní nǹkan bíi 1872 ló pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Ó gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìwé náà dànù, ó sì ṣi ọ̀pọ̀ ìṣirò túmọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìṣirò ni egungun ẹ̀yìn ìtàn yìí. Kí ẹ tó kàwé, ẹ wo orúkọ atúmọ̀ ní ojú ìwé àkọ́kọ́. Tí ó bá jẹ́ Mercier, tàbí tí kò sí orúkọ kankan níbẹ̀, ẹ wá ìtumọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Níbo ni Verne ti rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọkọ̀ abẹ́ omi ti wà kí ó tó kọ̀wé. Robert Fulton, ará Amẹ́ríkà, ti kan ọ̀kan ní ilẹ̀ Faransé ní 1800, ó sì sọ ọ́ ní Nautilus. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé náà gbé Plongeur sómi ní 1863. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n kì mọ́ inú àgbá ló ń wà á, kò sì lè rìn jìnnà. Verne rí àwòṣe rẹ̀ níbi ìpàtẹ ńlá Paris ní 1867.

Tirẹ̀ gùn ní mítà 70, ó fẹ̀ ní mítà 8 láàárín, iná mànàmáná ló sì ń ṣiṣẹ́ gbogbo nínú rẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ abẹ́ omi àkọ́kọ́ tó ń lo agbára núkílíà sómi ní 1954, Nautilus ni wọ́n sọ ọ́. Ní oṣù kẹjọ 1958, ó gba abẹ́ yìnyín kọjá ní òpin àríwá ayé.

Báwo ni omi ibú ṣe wúwo tó gan-an?

Lójú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ orí wa ń tẹ̀ wá ní ìwọ̀n kan. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹrù 1. Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ sínú òkun ní mítà 10, ẹrù kan tún gun orí rẹ̀, ó di 2. Ní mítà 20, ó di 3. Ní mítà 30, ó di 4. Ẹrù kan tó bíi kìlógíráàmù 1 lórí ibi tó fẹ̀ tó èékánná ọwọ́. Níbi tí òkú ọkọ̀ Titanic wà, ní nǹkan bíi mítà 3,800, ẹrù náà lórí èékánná kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ńtì 8.

Ìdí nìyí tí ọkọ̀ ibú kì í fi í "jò" díẹ̀díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Tí ara rẹ̀ bá gbà, ó gbà. Tí kò bá gbà, ó fọ́ mọ́ra kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tó mọ̀. Ní oṣù kẹfà 2023, ọkọ̀ kékeré Titan fọ́ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Titanic, àwọn márùn-ún tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ní ti Jacques Piccard àti Don Walsh tí wọ́n kọ́kọ́ dé ibi tó jìn jù láyé, ní January 23, 1960, gíláàsì fèrèsé kan sán nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n sì ń lọ. Wọ́n lo nǹkan bíi wákàtí 5 kí wọ́n tó balẹ̀, wọn kò sì lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ nísàlẹ̀.

Kí ló dé tí òmùwẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré gòkè?

Ẹ mi ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, kí ẹ ṣí i lójijì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò yẹn ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ òmùwẹ̀. Bí ẹrù omi ṣe ń tẹ̀ ẹ́, naitrójìn inú afẹ́fẹ́ tó ń mí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀. Tó bá gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, ó máa ń gba ẹnu àti imú jáde. Tó bá sáré, ó máa hó sínú ara rẹ̀: oríkèé á máa ro ó, ẹsẹ̀ lè rọ, ó sì lè kú. Bends ni àwọn òmùwẹ̀ ń pè é. Àwọn tó ń wẹ̀ fún ìgbádùn kì í gòkè ju nǹkan bíi mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì máa ń dúró fún ìṣẹ́jú 3 ní mítà 5 kí wọ́n tó yọ orí.

Ewu kejì ni kí ènìyàn sé èémí nígbà tó ń gòkè. Afẹ́fẹ́ tó kún ẹ̀dọ̀fóró ní mítà 10 yóò di ìlọ́po méjì tó bá dé òkè. Ẹ̀dọ̀fóró á ya. Ẹ̀dá-ìtàn tó bá mí afẹ́fẹ́ ìgò nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ máa mí jáde títí tó fi máa dókè.

Ṣé òótọ́ ni ẹran abàmì olọ́wọ́ púpọ̀ tó kọlu Nautilus nínú ìwé náà?

Ó wà. Ní oṣù kọkànlá 1861, ọkọ̀ ogun Faransé kan, Alecton, bá ọ̀kan pàdé nítòsí Tenerife, Verne sì dárúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà nínú ìwé rẹ̀. Giant squid ni wọ́n ń pè é lóde òní. Tí a bá ka ọwọ́ rẹ̀ méjì tó gùn jù mọ́ ọn, ó lè tó mítà 12. Ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ ará Japan tó ya fọ́tò rẹ̀ láàyè nínú ibú, ní nǹkan bíi mítà 900. Kì í sábà gba ọkọ̀ mú. Verne ló fún un ní ìbínú yẹn.

Ta ni Nemo gan-an?

Orúkọ náà túmọ̀ sí "kò sẹ́nìkan" ní èdè Látìn. Ohun tí Verne ní lọ́kàn ni kí ó jẹ́ ará Poland tí àwọn ará Rọ́ṣíà pa ìdílé rẹ̀. Hetzel kò gbà, nítorí ìwé rẹ̀ ń tà ní Rọ́ṣíà. Wọ́n bá fi orírun ọkùnrin náà pamọ́. Nínú ìwé Verne mìíràn, L'Île mystérieuse, tó jáde ní 1874 sí 1875 ni a ti wá mọ̀ pé ọmọ ọba Íńdíà ni, Dakkar, tó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà tó sì pàdánù ìyàwó àti ọmọ.

Ìfipamọ́ yẹn ló ṣe ìwé náà lóore jù. Ọkùnrin tó kó wúrà inú ọkọ̀ tó rì fún àwọn tí a ń ni lára, tó sì tún rì ọkọ̀ tó kún fún ènìyàn, tí a kò mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un: òǹkàwé kò mọ̀ bóyá kí òun fẹ́ràn rẹ̀ tàbí kí òun sá fún un.

Ibo ni Verne ti ṣìnà?

Ó mú Nautilus rì dé mítà 16,000. Kò sí òkun tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Ó mú ọkọ̀ gba inú omi dé òpin gúúsù ayé, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ ni ibẹ̀ wà, lábẹ́ yìnyín, ó sì jìnnà sétí òkun. Ó tún jẹ́ kí àwọn ènìyàn rìn kiri ní mítà 150 pẹ̀lú aṣọ ìwẹ̀, kí wọ́n sì padà wọlé bí ẹni ti oko dé. Ní tòótọ́, irú rírìn bẹ́ẹ̀ yóò gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ ìsinmi nínú yàrá irin tí wọ́n ti ń dín ẹrù kù díẹ̀díẹ̀, kí ara wọn tó lè bọ́ nínú bends. Ṣùgbọ́n a kò lè dá a lẹ́bi fún ìyẹn. 1878 ni Paul Bert tó tẹ ìwé tó fi hàn pé naitrójìn ló ń fa àìsàn náà.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti há sábẹ́ òkun ní Nàìjíríà rí tó sì yè?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní May 26, 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé nínú òkun létí Escravos. Ènìyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, nìkan ló yè. Nǹkan bíi mítà 30 ni ọkọ̀ náà wà nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sókè yàrá kan, ibẹ̀ ló fi orí sí nínú òkùnkùn fún nǹkan bíi wákàtí 60, kí àwọn òmùwẹ̀ tó wá kó òkú tó kan ọwọ́ rẹ̀.

Báwo ni afẹ́fẹ́ yẹn ṣe tó o? Ní mítà 30, ẹrù omi ti fún un pọ̀ ní ìlọ́po 4, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó dà bí èyí tó kéré lójú ní ọ́síjìn ìlọ́po mẹ́rin. Omi òkun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń fa díẹ̀ nínú èémí búburú tó ń mí síta. Àwọn tó rí i kò gbé e gòkè ní tààrà. Nítorí wákàtí 60 yẹn, naitrójìn ti kún ara rẹ̀. Yàrá irin ni wọ́n gbé e wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń dín ẹrù náà kù díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ méjì àti ààbọ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ òmùwẹ̀.

Mo fẹ́ kọ tèmi ní Yorùbá. Báwo ni mo ṣe máa ṣírò afẹ́fẹ́?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgò afẹ́fẹ́ kan, irú èyí tí òmùwẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ìgò lítà 12 tí wọ́n kì dé ẹrù 200 ní afẹ́fẹ́ lítà 2,400. Òmùwẹ̀ tí ara rẹ̀ balẹ̀ ń lo nǹkan bíi lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lójú omi. Ẹ fi ẹrù ibi tó wà sọ ọ́ di púpọ̀: ní mítà 30, 20 lọ́nà 4 jẹ́ 80. Ẹ pín 2,400 sí 80, ìṣẹ́jú 30 ni. Tí ẹ̀rù bá bà á, tó ń mí gúlegúle, lítà 20 yẹn lè di 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú 30 á di 15. Ìpayà ń jẹ afẹ́fẹ́. Ẹ má kàn kọ ọ́ pé "àyà rẹ̀ já". Ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti 120 sí 90 láàárín ìpínrọ̀ kan.

Ẹ kọ gbogbo ìṣirò yìí sí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yín kí ẹ tó kọ orí àkọ́kọ́. Tí ẹ bá fún ẹ̀dá-ìtàn ní afẹ́fẹ́ ìṣẹ́jú 15, tí ìjíròrò tí ẹ kọ sì gba ìdajì wákàtí ká tó kà á tán sókè, òǹkàwé ti mọ̀ pé irọ́ ni.

Àwọn àṣìṣe wo ni òǹkọ̀wé tuntun máa ń ṣe jù?

Fóònù àti rédíò lásán kì í ṣiṣẹ́ lábẹ́ òkun, nítorí omi iyọ̀ ń gbé ìgbì wọn mì. Ohùn ló ń rìn níbẹ̀, nǹkan bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń yára débi pé etí kò lè mọ ìhà tó ti wá. Ẹ lo ìyẹn: òmùwẹ̀ tó ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì láìmọ̀ bóyá òsì ni tàbí ọ̀tún.

Àwọ̀ pupa ló máa ń kọ́kọ́ sá. Ní mítà 20 tàbí 30, láìsí iná, ẹ̀jẹ̀ kò pupa mọ́, ó ti di bíi àwọ̀ ewé tó dúdú. Lẹ́yìn mítà 200, ìmọ́lẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní 1,000, òkùnkùn biribiri ni. Ẹ má ṣe kọ pé akọni yín rí ojú ọ̀tá rẹ̀ níbẹ̀ láìsọ ibi tí iná ti wá.

Ibo ni kí n fi ṣe ibùdó ìtàn, ọ̀rọ̀ wo ni mo sì máa lò?

Ẹ má lọ jìnnà. Pápá epo Bonga wà ní nǹkan bíi kìlómítà 120 sí etíkun Nàìjíríà, níbi tí omi ti jìn ju mítà 1,000 lọ. Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ wà létí òkun tó ń jẹ ilé àti ilẹ̀ wọn lọ. Ìtàn méjì wà níbẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó máa kọ wọ́n.

Ní ti ọ̀rọ̀, ọkọ̀ abẹ́ omi, ibú, òmùwẹ̀, ìdákọ̀ró, àbùùbùtán àti àkurákudà wà nílẹ̀. Ohun tí kò bá lórúkọ, ẹ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa pè é bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń pè é. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fúnra yín hun tó gùn bí okùn ìdákọ̀ró kò ní jẹ́ kí ìtàn sáré.

Ṣé kí n fi Olókun sí i?

Tí ẹ̀dá-ìtàn yín bá jẹ́ ọmọ Yorùbá tó wà nínú òkùnkùn ní mítà 30, ó máa ronú kan Olókun, ó sì lè ké pè é. Òótọ́ nìyẹn, ẹ kọ ọ́. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí Olókun fún un ní afẹ́fẹ́ ní ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Tí ibú bá lè dárí jini nígbà tó bá wù ú, gbogbo ìṣirò tí òǹkàwé ti bá yín ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ti di asán. Tó bá jẹ́ ìtàn ìwáṣẹ̀ ni ẹ fẹ́ kọ, iṣẹ́ mìíràn ni, ó sì lẹ́wà láàyè tirẹ̀. Ẹ pinnu kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìparí ìwé Verne: ṣé ó rẹ́ wa jẹ ni?

Ọ̀pọ̀ ń bínú sí i. Ìyípo omi ńlá tí wọ́n ń pè ní Maelstrom, létí Norway, gbé Nautilus. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fẹ́ fi sá. Orí Aronnax gbá irin, ó dákú. Nígbà tó máa lajú, ó ti wà nínú ahéré apẹja kan ní erékùṣù Lofoten. Bí wọ́n ṣe bọ́, kò sọ.

Kò lè sọ. Aronnax ni asọ̀tàn, láti ojú ìwé àkọ́kọ́ ni ó ti ń sọ kìkì ohun tó fojú rí tó sì wọ̀n. Ẹni tó dákú kò wọn nǹkan kan. Tí Verne bá ní kí ó ròyìn bí omi ṣe gbé wọn jáde, á ti ní láti ba òfin tó fi kọ gbogbo ìwé náà jẹ́. Ohun tí Aronnax ṣe ni pé ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá Nautilus kò rì àti bóyá Nemo ṣì wà láàyè, ó sì fi ìbéèrè náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Nemo ṣe kú gan-an, inú ìwé 1874 yẹn ló wà, ní àwọn orí tó gbẹ̀yìn.